Wọ́n Kọ́kọ́ Ní Pẹ̀lẹ́

Iṣẹ́ tí mo fi ọjọ́ ayé mi ṣe kò ju pé mo ń jókòó wo àwọn tó ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú. Mo wò wọ́n ní gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́, mo wò wọ́n lábẹ́ igi ọdán, mo wò wọ́n lórí pákó tí wọ́n tẹ́ sórí búlọ́ọ̀kù. Bí mo bá padà dé, màá kọ ohun tí mo rí sínú ìwé ìròyìn. Oníròyìn eré àti ijó ni mí, mo sì ti fẹ̀yìn tì báyìí. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń wá bá mi nílé mi ní Alákìá, nílùú Ìbàdàn, wọn á ní, "Bàbá, irú iṣẹ́ wo lèyí? Ṣé èèyàn lè fi ìwòran jẹun?" Mo máa ń sọ fún wọn pé èèyàn lè fi jẹun, ṣùgbọ́n ìwòran ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀, ó sì ní ọjọ́ tó máa ń dun ni wọ egungun. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí n wo ẹ̀yìn.

Mi ò ní pẹ́ lórí bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́. Mo kọ̀wé, wọ́n pè mí, owó oṣù ò tó nǹkan, mo gbà á. Ọ̀gá tí mo bá níbẹ̀ ló ṣe pàtàkì. Alàgbà Fọlárìn ni olóòtú wa, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ọkùnrin tó máa ń de bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀ pa nínú oòrùn. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó rán mi ni Ìrókò, níbi tí àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ kan ti ń jó ijó ẹ̀rín fún àwọn òbí. Mo padà dé, mo kọ ọ́ pé ijó náà dùn gan-an, pé gbogbo èèyàn ló rẹ́rìn-ín. Alàgbà kà á, ó wò mí lókè ìgò ojú rẹ̀.

"Dídùn wo? Ṣé oyin ni?"

"Ó dùn, sà. Èèyàn rẹ́rìn-ín."

"Èèyàn wo? Kí lorúkọ rẹ̀? Kí ló pa á lẹ́rìn-ín?"

Mo ṣí ìwé pélébé mi, kò sí orúkọ kankan níbẹ̀.

"Níbo lo jókòó sí?"

"Iwájú ni, sà. Àárín àwọn àlejò pàtàkì ni wọ́n fi mí sí."

"Àlejò pàtàkì kì í rẹ́rìn-ín. Orí ni wọ́n máa ń mì. Padà sí Ìrókò, kí o lọ wá ẹni tó rẹ́rìn-ín wá fún mi."

Mo rò pé ó ń ṣàwàdà. Ó fa ìwé mi ya níṣojú mi. Mo wọkọ̀ padà, mo ń bínú lọ́nà, mo sì ń béèrè láti ojúlé dé ojúlé, títí mo fi bá obìnrin kan lẹ́yìnkùlé tó ń bẹ ẹ̀gẹ́. Ó ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn pátápátá lọ́jọ́ ijó náà. Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, olùkọ́ yẹn ń rìn bí àbúrò ọkọ mi tó bá ti mu ẹmu, tó sì fẹ́ ká rò pé òun ò mu. Ẹni tó mu ẹmu tó ń ta gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n-ọ́n, ìyẹn ò pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń sapá kó má bàa ta gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n-ọ́n, ìyẹn ló pa mí."

Bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni mo kọ ọ́, Alàgbà sì tẹ̀ ẹ́ jáde láì yọ ọ̀rọ̀ kan. Kò yìn mí. Ó kàn ní, "Láti òní lọ, ẹ̀yìn ni kí o máa jókòó. Ojú ẹnì kan kì í rí ijó tán."

Ọjọ́ kan wà tí òun fúnra rẹ̀ bá mi lọ wo ijó ní Ẹgbẹ́dá. Oníjó kan fẹsẹ̀ kọ, ó lọ sílẹ̀ gbì, ẹnu mi sì yá. Mo ní, "Pẹ̀lẹ́ o!" bíi gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀. Alàgbà di apá mi mú. "Oníròyìn kì í sọ pẹ̀lẹ́," ló wí sí mi létí. "Ẹni tó ń sọ ọ́ ò lè gbọ́ ẹni tó sọ ọ́. Etí rẹ niṣẹ́ rẹ, kì í ṣe ẹnu rẹ." Mo pa ẹnu mi mọ́ lọ́jọ́ náà. Mo pa á mọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Ohun èlò iṣẹ́ ń yí padà. Bírò àti ìwé pélébé ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Taipúráítà dé, lẹ́yìn rẹ̀ ni rẹ́kọ́dà oníkásẹ́ẹ̀tì. Inú mi dùn sí rẹ́kọ́dà yẹn bí ẹni ra kẹ̀kẹ́ tuntun. Mo gbé e lọ síbi ijó kan níbí ní Alákìá, nítòsí pápákọ̀ òfurufú. Láàárín ijó ni bàálù kan kọjá lórí wa. Àwọn oníjó ò dúró. Gbogbo wọn gbójú tẹ̀lé bàálù náà láti apá kan ojú ọ̀run dé apá kejì, ẹsẹ̀ wọn sì ń jó lọ nísàlẹ̀ bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Àwọn èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo tan rẹ́kọ́dà nílé iṣẹ́, bàálù nìkan ló wà nínú rẹ̀. Alàgbà gbọ́ ọ títí tó fi tán.

"Ẹ̀rọ rẹ gbọ́ bàálù," ló wí. "Ta ló rí ẹsẹ̀?"

Ìyà irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ló fún mi ní èrò tí mo ní nípa ijó ẹ̀rín, mi ò sì tíì rí ìdí tí màá fi yí i padà. Oníjó tó bá ń bá wa rẹ́rìn-ín ti jẹ oúnjẹ wa mọ́ wa lọ́wọ́. Kí ojú rẹ̀ le, kí ẹ̀rín jẹ́ tiwa. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n jó kò lè mọ̀ ọ́n bà jẹ́: ẹsẹ̀ tó máa ṣìnà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ọ̀nà. Ìṣubú kan tó fún odindi ijó kan, bí iyọ̀ ṣe tó fún ọbẹ̀. Àwọn tó ń jó nínú fóònù lóde òní ń ṣubú kí ojú tó ṣẹ́, wọ́n sì tún ń ṣubú, títí ìṣubú fi dà bíi kí èèyàn jókòó. Mo máa ń wò wọ́n. N kì í rántí wọn.

Ẹni tí mo ń rántí ni Màmá Ìbídùn. Olùkọ́ ni, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, ará Lálúpọn. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń kàwé lókè òkun ló bá a lọ, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ ijó tí àwọn òyìnbó máa ń dúró jó lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní bálè. Nígbà tó padà sílé, tó sì fẹ̀yìn tì, ó kó àwọn ọ̀dọ́ Lálúpọn jọ, àwọn tó ń yan gàrí, àwọn télọ̀, àwọn olùkọ́ kéékèèké, ó ń kọ́ wọn ní bálè, ó sì ń fi í ṣe ẹ̀fẹ̀. Bálè kò ní ọ̀rọ̀ nínú. Ẹnu oníjó kì í là lórí pèpéle. Ara ló ń sọ gbogbo rẹ̀.

Mo bi í léèrè bó ṣe ń mọ̀ pé ìṣubú kan dára.

Ó ní, "Bàbá Oníròyìn, bí èèyàn bá fẹsẹ̀ kọ lójú títì níbí, kí là ń sọ?"

"Pẹ̀lẹ́ ni, mà."

"Kí a tó mọ ẹni tó jẹ́, kí a tó mọ̀ bóyá ó dùn ún, a ó ti sọ ọ́. Ìṣubú tó dára gbọ́dọ̀ gba pẹ̀lẹ́ kó tó gba ẹ̀rín. Bí wọ́n bá kàn rẹ́rìn-ín, wọ́n ti mọ̀ pé irọ́ ni. Màá dá oníjó yẹn padà sídìí ògiri, kó lọ tún un kọ́."

Ijó tó gbajúmọ̀ jù nínú tirẹ̀ ni ti ọkọ ìyàwó. Àlàbá ló ń jó ọkọ náà, ọmọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́, ẹsẹ̀ gígùn, ojú tí kì í rẹ́rìn-ín. Ọkọ ìyàwó dé ilé àna lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, ó ga, ó gún régé bí òpó iná. Bàbá ìyàwó na ọwọ́ sílẹ̀ pé kó dọ̀bálẹ̀. Ọkọ fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀, òkè nìkan ló mọ̀. Ó tẹ̀ síwájú, ẹsẹ̀ fà á sókè. Ó tẹ̀ sẹ́yìn, ẹsẹ̀ fà á sókè. Níkẹyìn ó wó lulẹ̀ lódindi, àyà rẹ̀ kan pákó. Èèyàn á ní "Pẹ̀lẹ́ o!", wọn á wá rí i pé ó ti dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú àna, ẹ̀rín á bú. Mo wo ijó yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. N kò mọ ẹlòmíràn tó fi ìjà ìgbéraga àti ìwà ọmọlúàbí sínú ẹsẹ̀ ọkùnrin kan bẹ́ẹ̀.

Nǹkan kékeré kan ló fa ohun ńlá. Wọ́n gbé ijó náà lọ sí abúlé kan lẹ́yìn Ìrókò. Ọlọ́kadà kan tí wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún ń ké káàkiri pé, "Ijó bálè! Ijó bálè!" Ìyẹn tó baálẹ̀ abúlé náà létí, "ijó baálẹ̀" ló sì gbọ́. Ó múra, ó wá pẹ̀lú àga rẹ̀ àti àwọn olóyè rẹ̀, ó jókòó síwájú, ó ń retí ijó rẹ̀. Ìjòyè kan bi Màmá Ìbídùn léèrè pé, "Ìgbà wo lẹ fẹ́ jó ijó Baálẹ̀?" Màmá lóye àṣìṣe náà lójú ẹsẹ̀, ó kúnlẹ̀ síwájú baálẹ̀, ó ní, "Òun la fẹ́ bẹ̀rẹ̀ báyìí, kábíyèsí." Lẹ́yìn tí Àlàbá ṣubú lọ́jọ́ náà, kò dìde. Ó dà á sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó dà á sí ẹ̀gbẹ́ òsì, ó yí ìká níwájú àga baálẹ̀ bí àwọn tó ń júbà ọba láàfin. Inú baálẹ̀ dùn débi pé òun náà dìde jó.

Òkìkí ìyíká yẹn kàn ká gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú. Ibi tí wọ́n bá dé, àwọn èèyàn á máa ké pé, "Yí ìká! Àlàbá, yí ìká!" Màmá kọ̀ jálẹ̀. "Ti baálẹ̀ nìyẹn," ló wí. "Ìṣubú kan, ìdọ̀bálẹ̀ kan, ó tán." Àlàbá gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ dé ní ọ̀sán Sátidé kan, ní gbọ̀ngàn kan ní Lálúpọn. Alàgbà Fọlárìn ti kú nígbà náà. Èmi náà ti súnmọ́ ìfẹ̀yìntì, mo jókòó sí ẹ̀yìn. Àlàbá wọlé lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, ó dé iwájú àna, ó tẹ̀ síwájú, ó tẹ̀ sẹ́yìn. Pákó kan yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Mo gbọ́ ìró kan, mo rò pé pákó ló dún.

"Pẹ̀lẹ́ o!" ni gbogbo gbọ̀ngàn wí lẹ́ẹ̀kan náà.

Àyà kọ́ ló fi balẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀gbẹ́ ni. Ó dà á sí ọ̀tún, ó dà á sí òsì. Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín tí òrùlé fi ń mì. Ọkùnrin kan níwájú mi gun orí àga, ó ń ké pé, "Ó ti yí i! Àlàbá ti yí ìká fún wa!" Wọ́n rò pé ohun tí wọ́n ti ń bẹ̀ ẹ́ fún láti ọjọ́ yìí ló ṣe. Màmá Ìbídùn sáré jáde láti ẹ̀yìn aṣọ títa, wọ́n rò pé ìyá ìyàwó ló dé, wọ́n tún rẹ́rìn-ín sí i. Ó kúnlẹ̀ ti ọmọ náà. Ó gbórí sókè. Ó wá la ẹnu lórí pèpéle tí ẹnu kì í là.

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán."

Ẹ̀rín kú. 

Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn ní Ìbàdàn. Kó tó di ọjọ́ Mọ́ńdè, ẹnì kan ti fi fóònù gbé e síta, gbogbo ayé ń wò ó: ọkùnrin kan ń yí nílẹ̀ nínú ìrora, èrò ń rẹ́rìn-ín lórí rẹ̀. Ìgbà tó ti ṣubú tán ni fọ́nrán náà bẹ̀rẹ̀. Olóòtú tuntun tó jókòó sórí àga Alàgbà pè mí. Àkọlé ti wà lẹ́nu rẹ̀.

"Bàbá, 'Ọkọ ìyàwó yí ìká dé ilé ìwòsàn.' Ẹ bá mi kọ ìpínrọ̀ díẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, kó jáde lọ́sàn-án yìí."

"Ta ni ẹlẹ́rìí?"

"Fọ́nrán ti wà, sà. Kí la fẹ́ fi ẹlẹ́rìí ṣe?"

"Fọ́nrán gbọ́ ẹ̀rín," ni mo wí. "Ta ló gbọ́ ohun tó ṣáájú?"

Mo wọkọ̀ lọ sí Lálúpọn. Mo ń lọ láti ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí dé ibi tí àwọn ọlọ́kadà ń páàkì sí, ìbéèrè kan náà ni mò ń bi wọ́n: nígbà tó ṣubú, kí lẹ kọ́kọ́ sọ?

Ìyá Rísì tó ń yan gàrí ní: "Pẹ̀lẹ́ ni mo sọ. Mo sọ ọ́ kí n tó mọ̀ pé mo sọ ọ́. Mi ò lè jẹun láti ọjọ́ náà, ẹ̀rín yẹn há mi lọ́fun."

Ọkùnrin tó gun àga, ọlọ́kadà ni: "Èmi ni mo pariwo pé ó ti yí ìká. Ẹ kọ orúkọ mi síbẹ̀, mi ò sá. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ pé mo kọ́kọ́ ní pẹ̀lẹ́. Ọlọ́run gbọ́ ọ."

Ìyá ìjọ kan nínú àwọn aládùúrà, tó wọ aṣọ funfun rẹ̀ wá síbi ijó náà: "Wọ́n ń sọ pé ìkà ni wá. Ìkà kì í kọ́kọ́ ní pẹ̀lẹ́."

Mo kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ó jáde ní ojú ewé inú lọ́hùn-ún. Àwọn tó kà á ò tó nǹkan lára àwọn tó wo fọ́nrán. Mo mú un lọ fún Àlàbá níbi tó dùbúlẹ̀ sí, wọ́n ti fi POP funfun tí wọ́n fi ń to egungun di ẹsẹ̀ rẹ̀ dé itan. Mo kà á fún un.

Ó gbọ́ ọ tán. Lẹ́yìn náà ló ní, "Bàbá, mo gbọ́ ẹ̀rín. Mi ò gbọ́ pẹ̀lẹ́ kankan."

"Wọ́n sọ ọ́, ọmọ mi. Ìrora ni kò jẹ́ kí o gbọ́."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ̀yin náà sọ ọ́?"

"Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà."

Ó wo ojú mi díẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, sà," ló wí, ó sì yí ojú sí ògiri. Kó tó yí i tán, ó ní kí n bá òun sọ fún Màmá pé òun ò tún ní dúró níwájú èrò mọ́ láyé òun.

Mo jíṣẹ́ náà fún Màmá. Ó ní, "Ẹ̀rù ẹsẹ̀ kọ́ ló ń bà mí. Ẹsẹ̀ á jinná. Bó bá lọ gbé ẹ̀rín yẹn dàgbà nínú, òun ló máa pa á." Ọdún yẹn kò tíì parí tí mo fi fẹ̀yìn tì.

Ó pẹ́. Ẹsẹ̀ Àlàbá jinná, ṣùgbọ́n ó le gbagidi, kò lè ká orúnkún náà dáadáa mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò lè fi ọmọ ìka rẹ̀ dúró. Màmá ń lọ jókòó tì í nídìí ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́. Kò bá a sọ̀rọ̀ ijó. Mo gbọ́ pé Àlàbá fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ó ní, "Mà, bí ọkọ ìyàwó ò bá lè dọ̀bálẹ̀ ńkọ́? Kí ni àwọn àna á ṣe?"

Ọjọ́ kan ni ìpè Màmá wọlé sórí fóònù mi. "Bàbá, ẹ wá ní Sátidé. Ẹ má mú bírò wá o. Ẹ kàn wá jókòó."

Gbọ̀ngàn yẹn náà ni. Wọ́n ti pààrọ̀ pákó. Àwọn èèyàn jókòó bí ẹni tó wá síbi ìsìnkú. Ọlọ́kadà tó gun àga lọ́jọ́sí wà níbẹ̀, ó di fìlà rẹ̀ mọ́wọ́. Àlàbá wọlé pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀, ẹsẹ̀ kan ń jó, èkejì ń tẹ̀lé e bí àlejò. Ó dé iwájú àna. Bàbá ìyàwó na ọwọ́ sílẹ̀. Àlàbá wo ilẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo bàbá náà. Bàbá lóye. Kí ojú má bàa ti ọmọ yìí, ó tẹ̀ ba, ó ń ṣe bí ẹni tó ń wá nǹkan nílẹ̀, kó lè kéré sí i. Ìyá ìyàwó rí i pé ọkọ òun ti lọ sílẹ̀, kò lè ga ju ọkọ rẹ̀ lọ, ó kúnlẹ̀. Bàbá tún lọ sísàlẹ̀ sí i. Àwọn ẹ̀gbọ́n ìyàwó dọ̀bálẹ̀. Ìyàwó kúnlẹ̀. Kò pẹ́ tí gbogbo ilé àna fi nà gbọọrọ sílẹ̀, ọkọ ìyàwó nìkan ló dúró, tó ń yí ojú káàkiri, tó ń wá ẹni tó máa kí.

Ẹ̀rín ti ń gbéra lọ́fun àwọn èèyàn, ṣùgbọ́n kò jáde. Ẹ̀rù ń bà wọ́n.

Ọ̀pá yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣubú. Ẹ̀gbẹ́ ló fi balẹ̀. Ó dà á sí ọ̀tún, ó dà á sí òsì, lẹ́yìn náà ó dúró síbẹ̀ láì mira.

 Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ijó ni tàbí òótọ́. Odidi gbọ̀ngàn di ẹnu mú, wọ́n ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá tún ṣì í ṣe ńkọ́. Mo rí ọwọ́ Àlàbá lórí pákó, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ń dúró de nǹkan.

"Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi."

Ohùn kan ló sọ ọ́, láti ẹ̀yìn. Àlàbá gbé orí sókè. Oníjó bálè kì í la ẹnu, gbogbo Lálúpọn ló mọ̀ ọ́n. Ó la ẹnu rẹ̀.

"Óò!" ló dáhùn.

Ìgbà náà ni ẹ̀rín bú jáde, tòun ti ẹkún. Àwọn àna ń yí lórí pákó. Ọlọ́kadà fi fìlà bo ojú.

Ọmọbìnrin kan tó jókòó tì mí yíjú sí mi, oníròyìn ni, fóònù rẹ̀ ti wà lọ́wọ́. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kí lorúkọ yín? Kí lẹ sọ?"

Mo sọ orúkọ mi fún un. Mo ní kó kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, kó má fi kún un, kó má yọ kúrò níbẹ̀.

"Mo ní pẹ̀lẹ́."